Owó Ìwádìí: Ọ̀mọ̀wé, Oníléeṣẹ́, àti Ẹnì Kẹta



Gbogbo wa ni a rántí àríyànjiyàn tí ẹgbẹ́ wa ṣe ní sáà tí ó kọjá, lórí ọ̀rọ̀ yìí pé, ó tọ́ kí ìjọba máa ná owó láti so Yunifásítì àti àwọn oníléeṣẹ́ pọ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí. Ọ̀rọ̀ náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí agogo oorun fi lù kí a tó dìbò. Èmi náà nawọ́ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ní ó tọ́, apá tiwa ni ó sì borí. Ojú kò tì mí nítorí ọwọ́ tí mo nà. Bí a bá tún dìbò ní ọ̀la, èmi yóò tún nà án. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí ibùsùn mi ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé, nínú gbogbo ohun tí a fi ẹnu wa sọ ní alẹ́ ọjọ́ náà, a kò dárúkọ àgbẹ̀ kan ṣoṣo, a kò sì dárúkọ ìyá kan tí ń yan gàrí. Bẹ́ẹ̀ ni díẹ̀ nínú wa ni kì í ṣe owó kòkó, tàbí owó ẹ̀gẹ́, tàbí owó epo ni a fi rán wọn wá síhìn-ín. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ Olóòtú pé kí ó fún mi ní àyè díẹ̀ nínú ìwé wa yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú owó tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí àwọn kan nínú wa sọ̀rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni pé ìjọba ní igi kan tí ń so náírà. Ní 1993 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin owó-orí ẹ̀kọ́, pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tí a forúkọ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà máa yọ náírà méjì nínú ọgọ́rùn-ún náírà èrè wọn sílẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́. Ní 2011 a tún òfin náà ṣe, a sì fi owó náà mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Yunifásítì, àwọn Pọ́lì, àti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ti ìjọba; TETFund ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí láti ìgbà náà. Náírà méjì náà di méjì àbọ̀ ní 2021, ó di mẹ́ta ní 2023. Òfin owó-orí ti 2025 sì fi owó ìdàgbàsókè kan, náírà mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, rọ́pò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti TETFund. Nínú àpò yìí ni a ti ń bu owó sọ́tọ̀ fún ìwádìí. Ní 2020, bílíọ̀nù méje àbọ̀ náírà ni a yà sọ́tọ̀ fún un. Àwọn ọ̀mọ̀wé a máa kó ara wọn jọ, wọn a kọ ohun tí wọ́n fẹ́ wádìí sínú ìwé, a ó sì yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó fún wọn lówó. Ohun tí àwọn aláṣẹ sì ń tẹnu mọ́ ni pé kí ìwádìí má ṣe parí sórí pẹpẹ ìwé, kí ó dé ọwọ́ oníléeṣẹ́, kí ó di ohun títà àti ohun rírà. Ọ̀pọ̀ Yunifásítì wa, tí ti Ìbàdàn wà lára wọn, ní ọ́fíìsì kan tí ilé-iṣẹ́ ìjọba tí a ń pè ní NOTAP bá wọn dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí.

Owó ta ni owó náà? Oníléeṣẹ́ ni ó san án, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èrè tí ó yọ ọ́ lára rẹ̀, ọwọ́ ẹni tí ó ra ọjà rẹ̀ ni ó ti wá. Ìyá tí ó ra ọṣẹ àti ìṣáná ní ọjà Mọ́níyà ti dá tirẹ̀ nínú owó ìwádìí, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Bí ó bá sì mọ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti béèrè ohun tí a fi ṣe. Àwọn baba wa ní agbègbè Ọ̀nà-Àrà kò ṣe aláìbéèrè. Ní 1968 àti 1969, nígbà tí owó-orí di ẹrù wúwo lórí àgbẹ̀, Àkànrán wà lára ibi tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ti dìde, tí Táfá Adéoyè sì jẹ́ aṣíwájú fún wọn. Èmi kò yin ẹ̀jẹ̀ tí ó ṣàn ní àkókò náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè pé, kí ni a fi owó wa ṣe, kò tíì gbó.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa ni a ti kọ́kọ́ ronú kan irú àjọṣe yìí. Nígbà tí ogun ńlá ti 1914 bẹ́ sílẹ̀, ó ya àwọn Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu láti rí i pé aró tí wọ́n fi ń pa aṣọ àwọn ọmọ-ogun wọn, àti dígí tí wọ́n fi ń ṣe awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n ń bá jagun gan-an ni ó ti ń wá. Àwọn ará Jámánì ti so yàrá ìwádìí mọ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ láti ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, ní 1916, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ìwádìí sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì gbé mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn kalẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ti ná an, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Wọn kò kàn fi owó náà lé oníléeṣẹ́ lọ́wọ́ lásán. Wọ́n ní kí àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣẹ́ òwú ní agbègbè Manchester, kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́, kí wọ́n dá owó tiwọn kalẹ̀, kí ìjọba sì fi tirẹ̀ tì í. Ẹni tí ó fi kọ́bọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ kò ní jẹ́ kí a máa wádìí ohun tí kò kàn án. Èyí kò ṣòro fún mi láti gbà, nítorí ó jọ bí àwọn ìyá wa ti ń dá èésú.

Àwọn ará Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1862, nínú ogun abẹ́lé wọn, Abraham Lincoln fọwọ́ sí òfin kan tí ó fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tí yóò tà, kí ó lè fi owó rẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀. Ní 1887 òfin kejì fi owó oko ìdánwò kún un. Ní 1914 ni òfin kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ wá, èyí tí ó san owó fún àwọn tí yóò máa jáde kúrò nínú ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ bá àgbẹ̀ lóko, kí wọ́n máa kọ́ ọ, kí wọ́n sì máa gbọ́ tirẹ̀. Ọdún méjìléláàádọ́ta ni ó gbà wọ́n kí wọ́n tó rí i pé ilé-ẹ̀kọ́ àti oko ìdánwò kò tó, bí kò bá sí ẹni tí ń rìn láàárín. A kò gbọdọ̀ lo ọdún méjìléláàádọ́ta tiwa láti tún un rí.

Ní ti agbègbè tiwa, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé a kò ní ilé ìwádìí. Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ láti Mọ́níyà sọ̀ kalẹ̀ sí Òjóò, yóò kọjá lẹ́bàá ọgbà IITA, tí a dá sílẹ̀ ní 1967 lórí ilẹ̀ tí ó tó ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó ń fi owó ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá tún lọ síwájú díẹ̀, Yunifásítì Ìbàdàn nìyẹn, láti 1948. Moor Plantation wà ní apá kejì ìlú. Ilé ìwádìí kòkó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ láti 1964. Ti èso àti ewébẹ̀ sì wà ní Ìdí-Iṣin láti 1975. Èmi kò mọ ibòmíràn ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn tí ó kàwé nípa ohun ọ̀gbìn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yí àgbẹ̀ ká. Síbẹ̀, láti ẹnu ọgbà àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí dé àwọn abúlé kan tí a ti ń fi ọwọ́ bẹ ẹ̀gẹ́ ní ìdájí, kì í ṣe ìrìn wákàtí kan.

Àjọṣe ìjọba àti oníléeṣẹ́ pàápàá kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní nǹkan bí ọdún 1905, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ òwú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a dá sílẹ̀ ní Manchester ní 1902, bá ìjọba ṣe oko àwòkọ́ṣe kan ní Moor Plantation, kí àwọn ará Ìbàdàn lè máa gbin òwú tí ẹ̀rọ wọn ń fẹ́. Ìbéèrè tí wọ́n wá dáhùn níbẹ̀, Manchester ni a ti béèrè rẹ̀. Àgbẹ̀ wo iye tí wọ́n ń san lórí òwú, ó wo iye tí wọ́n ń san lórí kòkó, ó sì gbin kòkó. N kò rò pé ẹnikẹ́ni lè pè é ní òmùgọ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó ń dùn mí jùlọ ni ti Ọ̀fà-Igbó, ní ilẹ̀ Lágelú. Níbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú ní Nàìjíríà, ní 1944. Ewé a pọ́n, ẹ̀ka a wú, igi a sì kú díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé wá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kòkòrò kéékèèké tí ó funfun bí ẹni pé a da ìyẹ̀fun lé e ní ń mu oje igi aláìsàn, tí ó sì ń gbé àrùn náà lọ sára igi tí ara rẹ̀ dá. Wọ́n ní kò sí oògùn rẹ̀, àfi kí a gé igi aláìsàn àti àwọn tí ó yí i ká. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Títí di òní, kò sí oògùn tí a lè fún igi tí àrùn náà bá ti mú. Ìjọba sì rán àwọn ènìyàn pẹ̀lú àdá àti àáké wọ inú oko àwọn baba wa.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fi ara yín sí ipò àgbẹ̀ náà. Igi tí a fẹ́ gé yìí ṣì ń so, bí kò tilẹ̀ so tó ti tẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ti fi oko náà dógò lọ́dọ̀ olówó, tí gbèsè náà kì yóò sì kú pẹ̀lú igi. Bí ó bá tún òmíràn gbìn, yóò tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó rí nǹkan ká. Kí ni yóò jẹ? Kí ni yóò fi rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́? Kò sí èyí tí awò àwọn ọ̀mọ̀wé lè fi hàn nínú ìbéèrè wọ̀nyí, nítorí kì í ṣe ara ewé ni ó wà. Àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn kọ̀ jálẹ̀, Ẹgbẹ́ Máyégún gbé ọ̀rọ̀ náà lé orí, ọ̀rọ̀ di ti ìjà àti ẹjọ́, títí ìjọba fi jáwọ́ nínú gígé igi ní àárín ibi tí àrùn náà ti pọ̀ jùlọ ní 1950. Àwọn kan nínú ìwé máa ń sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ìtàn àìmọ̀kan tí ó dènà ìmọ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni ìmọ̀ méjì tí kò jókòó sórí ẹní kan náà: ọ̀kan mọ igi, èkejì mọ ilé tí igi ń bọ́. Àrùn náà sì ń rìn lọ ní tirẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jà.

Nísinsìnyí, ẹni tí ó bá ka ibi tí mo dé yìí lè rò pé mo ti yí padà, pé mo ti di ẹlẹ́gbẹ́ àwọn tí wọ́n ní kí ìjọba pa owó rẹ̀ mọ́. Rárá o. Ẹ gbọ́ ti kòkòrò ẹ̀gẹ́. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá wọ Áfíríkà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Ewé a ká kò, igi a ràn, ìdí rẹ̀ kì í ta. Ọ̀gbẹ́ni Hans Herren, ará Switzerland, dé IITA ní Ìbàdàn ní 1979 láti wá nǹkan ṣe sí i. Kò wá oògùn tí a ń fọ́n. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè pé, kí ló dé tí kòkòrò yìí kò fi ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ ní ibi tí ó ti wá? Wọ́n wá a lọ títí a fi rí i ní ilẹ̀ Paraguay ní 1981, níbi tí irú agbọ́n kékeré kan ti ń yé ẹyin sínú ara rẹ̀, tí ọmọ agbọ́n náà sì ń jẹ ẹ́ pa. A kó agbọ́n náà wá, a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ó má baà ṣe ohun mìíràn níbí, a sì dá a sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní ọdún kan náà. Láti ìhín ni ó ti tàn ká Áfíríkà. Wọ́n fún Herren ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995.

Ta ni ó lè ta agbọ́n náà? Kò sí. Bí o bá dá a sílẹ̀ ní oko Làgbájá, yóò fò lọ sí oko Tàmẹ̀dò láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí oníléeṣẹ́ tí yóò fi owó rẹ̀ wá irú ohun bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ènìyàn búburú ni, bí kò ṣe pé kò sí ibi tí èrè rẹ̀ yóò gbà wọlé. Níhìn-ín ni mo ti gbà pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ tí ó léwájú apá kejì ní alẹ́ ọjọ́ náà: bí ìjọba bá sọ pé gbogbo ìwádìí tí kò bá ní oníléeṣẹ́ lẹ́yìn kò ní rí owó gbà, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ irú agbọ́n yẹn. Kí a jẹ́ kí àjọṣe gba apá kan nínú owó náà. Kí ó má ṣe gba gbogbo rẹ̀.

Níbi tí àjọṣe ti yẹ, a ti rí i tí ó dára. Gbogbo wa ni a mọ ohun aláwọ̀ ewé bí ìyẹ̀fun tí ń hù lára àgbàdo. Irú rẹ̀ kan a máa ní májèlé tí ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́, kò sì sí ojú tí ó lè rí májèlé náà, sísè kì í sì í mú un kúrò. IITA, Yunifásítì Ìbàdàn, Yunifásítì Bonn ní Jámánì, àti ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà wá irú rẹ̀ tí kò ní májèlé nínú ilẹ̀ Nàìjíríà fúnra rẹ̀; wọ́n fi í sára ọkà bàbà, àgbẹ̀ a sì fọ́n ọn sí oko, kílò mẹ́wàá sí hẹ́kítà kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Èyí tí kò ní májèlé a gba ilẹ̀ mọ́ èyí tí ó ní in lọ́wọ́. Aflasafe ni wọ́n pè é. NAFDAC forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2014, oníléeṣẹ́ sì ti gba àṣẹ láti máa ṣe é tà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wù mí jù nínú rẹ̀ ni bí a ti fi owó tì í. Ìjọba Ọsirélíà, Kánádà, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ilé àánú Gates, kó owó jọ láti 2013, wọ́n ní kì í ṣe ìlérí ni àwọn yóò san owó lé lórí: ẹgbẹ́ tí ó bá kó àwọn àgbẹ̀ jọ, tí ó sì kó àgbàdo wá, tí a yẹ̀ ẹ́ wò tí a bá Aflasafe nínú rẹ̀, ni yóò gba dọ́là 18.75 lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Àgbàdo ni ó jẹ́ ẹ̀rí. Kò sí ẹni tí ó lè fi fọ́tò gba owó náà.

Mo mẹ́nu kan fọ́tò nítorí mo ti rí èyí tí fọ́tò parí. Ní abúlé àwọn ìyá mi, ní ìhà Lálúpọn, àwọn obìnrin bí ogún ní ibi iṣẹ́ gàrí kan tí wọ́n ń lò pọ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ, àwọn ọ̀mọ̀wé kan àti oníléeṣẹ́ kan, tí n kò ní dárúkọ, gbé ẹ̀rọ kan wá tí yóò máa bẹ ẹ̀gẹ́. A lu ìlù fún un. Wọ́n ya àwọn ìyá náà ní fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú fìlà tí a kọ nǹkan sí. Ẹ̀rọ náà dára, bí ẹ̀gẹ́ bá tọ́ tí ó sì sanra dọ́gba. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ẹ̀gẹ́ wa, bí ó ti ń lọ́, tí ó ń ta kókó, tí èyí tinrín tí èyí sì rí bí orí ọmọ? Ẹ̀rọ náà a bẹ ẹran rẹ̀ mọ́ èèpo níhìn-ín, a sì fi èèpo sílẹ̀ lọ́hùn-ún, tí wọ́n tún ní láti fi ọ̀bẹ bẹ ẹ́. Kò pẹ́ tí irin kan nínú rẹ̀ ṣẹ́. Alágbẹ̀dẹ ní Ìyànà Ọ̀fà wò ó, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Adìyẹ ń yé sínú rẹ̀ nígbà tí mo kúrò nílé.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, tí ó jẹ́ akápò wọn, kò bínú rárá. Ohun tí ó sọ fún mi ni pé, “Ọmọ mi, bí wọ́n bá ti bi wá ni, à bá ti sọ fún wọn pé bíbẹ kọ́ ni ó ń pa wá. Bí a ti ń bẹ ẹ́ ni a ń sọ̀tàn.” Mo bi í pé, kí wá ni ó ń pa yín? Ó ní èéfín. Ó ní bí òun bá yan gàrí láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ojú òun a pọ́n títí di ọjọ́ kejì. Ó tún ní, èkejì ni pé bí a bá ti wú ẹ̀gẹ́, tí ọkọ̀ kò sì dé ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú nínú, àlejò oníbàárà a sì dá iye tí ó wù ú, nítorí ó mọ̀ pé kò lè pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ wò ó: ìbéèrè méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ohun tí Yunifásítì lè fi ọdún mẹ́wàá wádìí, ni obìnrin tí kò kàwé dárúkọ kí omi tó hó lórí iná.

Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tí ó ti ọgbà àwọn ọ̀mọ̀wé wá ni kò mọ bí a ti ń wo ilẹ̀ kí a tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn olùwádìí ẹran ọ̀sìn ti ILRI, tí wọ́n ń gbé inú ọgbà IITA, rí òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ tí ń jẹrà tí ó sì ń rùn ní gbogbo ibi tí a ti ń ṣe gàrí. Wọ́n ní kí a lọ èèpo náà nínú ẹ̀rọ kan náà tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́, kí a fi jáàkì kan náà fún un, kí a kù ú, kí a sì sá a, yóò sì di oúnjẹ fún adìyẹ, ẹlẹ́dẹ̀, ewúrẹ́. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù a máa di bí tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ. Kò sí irin tuntun nínú rẹ̀ tí alágbẹ̀dẹ kò rí rí. Ohun tí ìyá náà ní tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, bí èmi bá ní ẹnu ní ibi tí a ti ń pín owó ìwádìí, ohun tí èmi ì bá sọ kò pọ̀. Èmi ì bá ní kí a má ṣe fọwọ́ sí àjọṣe kankan lórí ohun oko tàbí ohun jíjẹ tí ó jẹ́ pé ọ̀mọ̀wé àti oníléeṣẹ́ nìkan ni ó bu ọwọ́ lù ú. Kí orúkọ ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀, ti àgbẹ̀ tàbí ti àwọn tí ń ṣe gàrí tàbí ti alágbẹ̀dẹ, tí ó lè sọ pé rárá kí a tó ra irin. Kí a sì dá apá kan owó náà dúró títí di ọdún kejì lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, kí ẹnì kan lọ wò ó bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ tàbí adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. Kí a kọ ohun tí a rí ní Yorùbá, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ní Ẹgbẹ́dá, ní Akínyẹlé, ní Àkànrán, gẹ́gẹ́ bí a ti ń lẹ ìwé ìdìbò. Olùkọ́ wa kan tí mo fi èyí hàn ní yóò fa ìwádìí sẹ́yìn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀fà-Igbó fa ìwádìí sẹ́yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ni yóò sì máa rìn láàárín? Àwọn ìjọba máa ń sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ oko ni. Wọn kò pọ̀, ọ̀pọ̀ abúlé ni kì í sì í rí wọn láti ọdún dé ọdún. Ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí abúlé ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo dárúkọ tí kò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nítòsí, àwa tí a ń ka ìwé yìí ni a ó sì rán lọ síbẹ̀. Àwa ni a ó gbọ́ èdè méjèèjì, èdè ìwé àti èdè àgbàlá. Bí a kò bá lè gba ìbéèrè kan lẹ́nu ìyá ọmọ tí a ń kọ́, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó tán lórí rẹ̀, n kò mọ ìdí tí a fi ń kọ́ wa ní lẹ́tà kíkọ.

Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo kọ ìbéèrè méjèèjì àǹtí mi sínú ìwé kan, ti èéfín àti ti ẹ̀gẹ́ tí ń dúdú. Mo kà á fún un, ó ní kí n fi kún un pé àwọn fẹ́ dá owó díẹ̀ sí i, bí wọ́n bá fẹ́. Lẹ́yìn náà mo dì í, mo sì gbé gègé láti kọ orúkọ ẹni tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí. Títí di òní, ẹ̀yìn ìwé náà funfun. Ó wà nínú àpótí mi, ní yàrá kejì láti ẹnu-ọ̀nà, bí ẹnikẹ́ni nínú yín tàbí nínú àwọn olùkọ́ wa bá mọ ọ́fíìsì tí ó yẹ kí ó lọ.